Wọ́n Pe Ọwọ́ Mi Lọ sí Súwídìn

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé báwo ni ìlú òyìnbó ṣe rí, èmi náà sì ń dá yín lóhùn pé ibẹ̀ tutù. Mi ò purọ́, àmọ́ mi ò tíì sọ òótọ́ náà tán. Ìbínú ni mo fi kúrò níbẹ̀, ìbínú ọ̀hún bá mi wọ Òṣogbo, kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀ lára mi. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa ilé alájà àti ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré bí ìjì, ẹ lọ bá ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi ni mo fẹ́ sọ, àti ti àbúrò mi.

Ọwọ́ náà

Alágbẹ̀dẹ góòlù ni mí. Ọmọ Iléṣà ni wá, ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bàbá wa máa ń ra góòlù wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń wa ilẹ̀ ní Iperindo, òun ló sì fi mí sẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tí bàbá kú, Ṣọlá àbúrò mi ṣì kéré. Yẹtí ni mo fi rán an níwèé, òrùka ìgbéyàwó ni mo fi rán an dé yunifásítì. Nígbà tó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí Súwídìn, ilẹ̀ kan tó wà lókè téńté ayé, èmi ni mo ra kóòtù sí i lọ́rùn. Ó di dókítà níbẹ̀. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, dókítà ìwé ni. Bí ọpọlọ ṣe ń di ọpọlọ láti inú ẹyin àti inú oyún, ohun tó ń wádìí nìyẹn.

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé itan jẹ́ẹ́jẹ́, àtàǹpàkò náà á máa yí lára ìka kejì bí ẹni ń yí hóró àgbàdo. Bí mo bá mú irinṣẹ́, á dákẹ́ díẹ̀. Bí mo bá tún sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo ọwọ́ ló ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ mi ń wọ́ nílẹ̀, ojú mi sì le koko bí ẹni tí gbogbo ayé ṣẹ̀. Iná tí mo fi ń jó góòlù pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jó ibi tí mi ò rán an. Mo ba òrùka ìyàwó tuntun kan jẹ́ níṣojú rẹ̀. Ó gba góòlù rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń lọ.

Àwọn kan ní ọtí ni. Àwọn aládùúgbò ní bóyá mo ti yọ́ ohun tó jẹ́ ti odò láìmọ̀. Ní ilé ìwòsàn, dókítà kọ fítámì fún mi, ó ní kí n máa sùn dáadáa. Màámi mú mi gun òkè kan lọ ní Iléṣà, lọ́dọ̀ wòlíì kan tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní ọ̀tá ló ń mi ọwọ́ mi. Mo gba ààwẹ̀ títí ṣòkòtò ò fi dúró nídìí mi mọ́. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ na ọwọ́ náà kí ẹ̀mí inú rẹ̀ lè jáde. Ọwọ́ wú. Nígbà tí wíwú náà fi máa lọ sílẹ̀, ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀.

Mo ti ròyìn ọwọ́ náà fún Ṣọlá; ìgbà yẹn ló ránṣẹ́ pé kí n wá dúró de fóònù ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ fóònù ní Old Garage. Ariwo awakọ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ibi tó ṣe kókó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an, ọ̀rọ̀ ọwọ́ yín ló wà níbẹ̀."

Mo sunkún ayọ̀ níwájú àwọn agbèrò. Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Màámi jó káàkiri ojúde ní Iléṣà, ó ń wí fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun tó wà lókè òkun ti rí oògùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ̀yin náà bá wa yọ̀.

Ilẹ̀ tí wọn kì í kíni

Ní pápákọ̀ òfuurufú wọn, ọ̀gá kan tó wọ aṣọ ìjọba rí i bí ìwé ìrìnnà ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, ló bá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tú àpò mi. Ó tú ata gígún tí Màámi dì, ó tú èlùbọ́, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó pe ajá. Ajá gbóòórùn ata, ó sín. Èmi náà dúró, mò ń gbọ̀n sí i nítorí ìtìjú. Mo fi gẹ̀ẹ́sì wí fún ọ̀gá náà pé ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, kì í ṣe ọkàn mi. Kò rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn yẹn kì í tètè rẹ́rìn-ín.

Ṣọlá wà níta tó ń dúró dè mí. Ó dì mọ́ mi. Mo dúró kí ó dọ̀bálẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ tutù jù. Karin ìyàwó rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ náà, ló kí mi bí èèyàn. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ mélòó kan sílẹ̀ dè mí. "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá mi," ló wí, ó sì gba ọwọ́ ọ̀tún mi, èyí tó ń gbọ̀n, ó dì í mú, kò sì wo ibẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gbé fún yín. Ilé tí Ṣọlá ń gbé, ìdílé púpọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà wọn kọjú síra. Mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá ti ṣí ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn òdìkejì tó ti fẹ́ ṣí á dúró. Mo kọ́kọ́ rò pé afẹ́fẹ́ ni. Ṣọlá ló là mí lóye: aládùúgbò wa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tirẹ̀ kí n kọjá tán, kí òun má bàa kí mi. Kì í ṣe pé ó kórìíra mi o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ara wọn náà nìyẹn. Wọ́n kà á sí ọ̀wọ̀! Mo ní kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún mi lọ, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni mò ń lu ilẹ̀kùn náà pé "Ẹ káàárọ̀ o!" kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan ẹnìkan dáhùn nínú ilé, ohùn obìnrin arúgbó. Mi ò mọ ohun tó wí. Ó dùn mọ́ mi nínú.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni mo lọ. Òòrùn wọn kì í fẹ́ wọ̀. A jẹun alẹ́, òòrùn ń wò wá. Mo gbàdúrà alẹ́, ó tàn sí mi lórí, mo sì ń ṣe bí ẹni tó ń purọ́ fún Ọlọ́run. Oúnjẹ wọn? Ẹja ni wọ́n fi ṣúgà ṣe. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹja tútù, wọ́n fi ṣúgà àti ọtí kíkan rẹ ẹ́, wọn ò sì fi iná kàn án. Mo jẹ ẹyọ kan nítorí Karin. Ata Màámi tí ajá sín sí ló kó mi yọ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú gidi kì í ṣe ti àwọn òyìnbó. Ọmọ aládùúgbò kan wá bá ọmọ Ṣọlá ṣeré. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, ọmọ tiwa wá sídìí tábìlì, ti àlejò jókòó sínú yàrá, ó ń dá ṣeré. Mo ní kí wọ́n pè é wá jẹun.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n," ni Ṣọlá wí. "Ilé wọn ni yóò ti jẹun."

"Ṣọlá, ọmọ wà nínú ilé ẹ, o ń jẹun, o ní kí n fi í sílẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn."

Mo wo àbúrò mi. Mi ò rí ọmọ ìyá mi níbẹ̀. Mo gbé àwo tèmi lọ bá ọmọ náà. Ó mú ọ̀dùnkún kan, ó ní "tákì." Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nínú èdè wọn nìyẹn, torí ìgbà gbogbo ni wọ́n ń wí i: o fún wọn ní nǹkan, tákì, o gba nǹkan, tákì, o yẹra lọ́nà, tákì. Ó túmọ̀ sí "mo dúpẹ́."

Inú ẹyin

Ṣọlá mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo wẹ̀, mo wọ agbádá. Mo rò pé ọjọ́ tí wọn yóò wò mí sàn ni.

Ẹyin ni mo bá níbẹ̀. Ẹyin adìyẹ, wọ́n tò wọ́n sínú àpótí tó lọ́wọ́ọ́rọ́. Ṣọlá mú ọ̀kan, ó fi abẹ kékeré gé ojú fèrèsé sí èèpo rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó ní kí n wò ó. Mo rí ohun pupa kékeré kan tó ń sọ kúlúkúlú. Ọkàn adìyẹ ni. Adìyẹ náà fúnra rẹ̀ kò tíì tó èékánná mi.

"Ẹ wo ilà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn," ni Ṣọlá wí. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó dà bí ohùn rẹ̀ ìgbà tó wà lọ́mọdé. "Òun ni yóò di ọpọlọ. Ní báyìí, ó ní ihò nínú lásán bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lára rẹ̀ ò tíì mọ ohun tí wọn yóò dà. Ìpè tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n ń jẹ́."

"Ta ló ń pè wọ́n?"

"Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹgbẹ́ wọn ni. Àwọn kan wà nísàlẹ̀ ọ̀pá náà, wọ́n ń tú nǹkan kan jáde tó ń ràn lọ díẹ̀díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí nǹkan náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á mọ̀ pé apá ìsàlẹ̀ lòun wà. Àwọn mìíràn wà ní ààlà tí ọpọlọ àárín ti pàdé ọpọlọ ẹ̀yìn, àwọn náà ń tú tiwọn jáde. Sẹ́ẹ̀lì tó bá gbọ́ ìpè méjèèjì pọ̀, òun ló ń di èyí tó ń ṣe dópámìnì. Èyí tó bá gbọ́ ọ̀kan tí kò gbọ́ èkejì, nǹkan mìíràn ni yóò dà."

"Kí ni wọ́n ń fi dópámìnì ṣe?"

Ó fi ìka kan orí mi. "Òun ni ọpọlọ yín fi ń rán ọwọ́ àti ẹsẹ̀ níṣẹ́ kí wọ́n lè jẹ́ ẹ láìṣe ségesège. Nínú orí yín, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é ló ń kú. Àrùn náà lórúkọ, Ẹ̀gbọ́n. Pákínsìn ni wọ́n ń pè é."

Mo wí i tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ìgbà tí ọwọ́ yìí ti ń gbọ̀n, ọjọ́ yẹn lẹnìkan kọ́kọ́ sọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí fún mi. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ojú olè tó ń jà ọ́ hàn ọ́.

Ó wá fi iṣẹ́ hàn mí. Ó fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ mú ìlẹ̀kẹ̀ kan tí kò tó hóró iyanrìn, tí wọ́n ti rẹ sínú ohun ìpè yẹn, ó gbé e sí ara adìyẹ náà, síbi tí irú sẹ́ẹ̀lì yẹn kì í ti í hù. Ó ní bí ó bá pẹ́ díẹ̀, wọn yóò hù níbẹ̀, torí wọ́n ti gbọ́ ìpè. Mo ń wo ẹ̀mú yẹn. Bí mo ṣe ń di tèmi mú ló ṣe dì í mú, ìka kejì sẹ́yìn, èémí dídúró. Ṣọ́ọ̀bù mi ló ti rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.

Orí mi wú. Mo sọ ọ́ ní òótọ́: iṣẹ́ náà dára, ó yà mí lẹ́nu. Mo wá bèèrè ohun tí mo bá wá.

"Ó dáa. Ìgbà wo lo fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sí orí tèmi?"

Ṣọlá sọ ohun tí mo wí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Nígbà tí wọ́n rí ojú mi, wọ́n yíjú padà sí ẹyin wọn.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ṣọlá wí, "inú ẹyin la ṣì wà. Ó ṣì máa pẹ́. Ó lè má ṣe é ṣe lójú ayé àwa méjèèjì."

"Kí lo wá pè mí wá ṣe?"

"Ẹ fara balẹ̀. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, ẹ ó rí i."

Ife omi

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n mú mi lọ sí gbọ̀ngàn kan. Àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ ìwádìí ló pé síbẹ̀, àgbàlagbà tó mọ́ tónítóní, gbogbo wọn ń mu kọfí. Ṣọlá ní wọ́n fẹ́ kí mi. Mo jókòó níwájú pẹ̀lú Karin. Ṣọlá ń fi èdè wọn sọ̀rọ̀, ó ń fi àwòrán hàn lára ògiri, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, wọ́n lẹ́wà bí iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Lójijì, mo rí ara mi lára ògiri: fọ́tò ìgbà tí ara mi le, mo jókòó ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mò ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú."

Mo bọ́ síwájú. Ife omi kan wà lórí tábìlì, ó kún dẹ́nu.

"Ẹ bá mi gbé e kí wọ́n rí i."

Mi ò tètè mọ ohun tó ní lọ́kàn. Mo rò pé omi mímu ni. Mo gbé e. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi dà sára agbádá mi, ó dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ife ń lu eyín mi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìbá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan ń nu ojú. Ọkùnrin kan yà mí ní fọ́tò.

Mo gbé ife sílẹ̀. Mo fi èdè tí ìyá wa fi bí wa sọ̀rọ̀, mi ò gbé ohùn sókè.

"Ṣọlá, ṣé ọ̀bọ lo fi mí ṣe? Ọwọ́ tó rán ẹ níwèé lo wá fi ń ṣagbe lójú mi?"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yíjú sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ gùn ju ohun tí mo wí lọ. Mo ń fetí sílẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀. Tákì. Ó tún wí i: tákì. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo rántí gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé mọ́dà mi, gbogbo ẹ̀ pátá.

"Mi ò dúpẹ́," ni mo wí fún wọn. "Ó purọ́ fún yín. Èébú ni mo bú u. Mo ní kò ní ìtìjú."

Ṣọlá dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Karin ló dìde, ó mú kóòtù mi, ó di apá mi mú, a jáde. Nínú ọkọ̀, ó bi mí léèrè pé oògùn wo ni mò ń lò. Mo ní fítámì. Ó ní òun ò bèèrè fítámì, oògùn àrùn náà lòun ń bèèrè. Mo ní mi ò gbọ́ pé ó ní oògùn. Ó ya sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa mọ́tò, ó gbé orí lé ọwọ́ ìdarí, ó pẹ́ kí ó tó gbé e sókè.

Hóró kan

Karin ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Dókítà náà, obìnrin àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti funfun, ní kí n máa ṣí ìka pa ìka dé, kí n rìn lọ rìn bọ̀, kí n kọ orúkọ mi. Mo kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i bí eèrà tó ń sá wọ ihò. Ó ní kò sí àníàní, Pákínsìn ni. Ó fún mi ní hóró oògùn, ó ní díẹ̀ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹfodópà lorúkọ rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀, ọpọlọ ló ń sọ ọ́ di dópámìnì.

Kò tàn mí jẹ. Ó ní kò ní jí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú. Ó ní yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà agbára rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí dín kù, ó sì lè máa mú kí ara mi jó láìsí ìlù. Mo ní mo gbọ́.

Kò pẹ́ rárá. Lọ́jọ́ kan, mo ń ro ṣúgà pọ̀ mọ́ tíì, mo gbọ́ pé ṣíbí ò lu ara ife. Mo dúró. Mo wo ọwọ́ mi bí ẹni wo àlejò. Karin ní ẹ̀wọ̀n ọrùn góòlù kan tó ti já tipẹ́. Mo ní kó gbé e wá pẹ̀lú ẹ̀mú. Mo so ó lójú fèrèsé, òrùka kékeré wọ inú òrùka kékeré, títí ó fi pé. Obìnrin yẹn fi í sọ́rùn, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún.

Ìgbà tí ẹkún tán ni ìbínú gidi dé. Mo bèèrè lọ́wọ́ Karin pé ìgbà wo ni wọ́n ti mọ oògùn yìí. Ó ní kí òun tó wọ ilé ìwé ni. Ẹ gbà mí! Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Èmi ò dúró ní Sókótó, Súwídìn ni mo dé! Mo gbààwẹ̀, wọ́n nà mí ní imọ̀ ọ̀pẹ, mo pa ṣọ́ọ̀bù mi tì, oògùn sì wà láyé!

Mo dúró de Ṣọlá títí ó fi tibi iṣẹ́ dé.

"O mọ lẹfodópà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún ẹ pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, o mọ̀ ọ́n?"

"Mo rò pé ilé ìwòsàn ti fún yín."

"O bèèrè?"

Ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀.

"Ṣọlá, o bèèrè?"

"Mi ò bèèrè." Ó jókòó. "Oògùn yẹn ń bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ lásán ni, kì í kan gbòǹgbò. Ti gbòǹgbò ni mò ń wá. Mo fẹ́ wá fún yín ní èyí tó máa wò yín tán."

"Kí n máa gbọ̀n títí o ó fi rí gbòǹgbò?"

Ó dọ̀bálẹ̀. Àbúrò mi, dókítà, nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀, ó fi iwájú orí kanlẹ̀. Mi ò ní kó dìde. Mo wọ bàtà, mo jáde. Ní ọ̀nà, mo pàdé arúgbó aládùúgbò yẹn tó ń gbé ẹrù bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ojú wa ṣe mẹ́rin, kò ráyè sá. Mo gba ẹrù náà, mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní tákì. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Orúkọ àrùn

Mo padà wálé pẹ̀lú oògùn tó lè tó mi lò fún ìgbà díẹ̀. Ẹ rí mi, ẹ pariwo. Màámi ní a gbọ́dọ̀ ṣe ìdúpẹ́ lórí òkè yẹn. Mi ò fẹ́ lọ. Ó ní bóun bá bí mi, kí n lọ.

A ò tíì jókòó tán tí wòlíì fi gbé máíkì. "Ẹ wo ọwọ́ tí ọ̀tá dè! Ẹ wo bí àdúrà wa ṣe tú u! Ó dé Súwídìn, Olúwa bá a níbẹ̀!" Ìjọ ní Halelúyà. Ó ní kí n wá jẹ́rìí.

Mo gba máíkì. Mo kó hóró oògùn mi jáde lápò.

"Ọlọ́run ló ṣeun," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n èyí ni mo lò. Àrùn tó ń ṣe mí lórúkọ, Pákínsìn ni. Kì í ṣe ọ̀tá. Kì í ṣe àjẹ́. Nǹkan kan nínú ọpọlọ ló ń kú, oògùn sì wà fún un kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fi imọ̀ ọ̀pẹ nà mí níbí yìí. Ẹni tó bá ń gbọ̀n nínú yín, kó dáwọ́ ààwẹ̀ dúró, kó lọ sílé ìwòsàn, kó bèèrè oògùn náà lórúkọ."

Wọ́n já máíkì gbà. Wòlíì ní ẹ̀mí òyìnbó ti wọ̀ mí lára. Màámi dìde láàárín ìjọ, ó bo ojú, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e, kò dúró dè mí.

Ìyá kan ló bá mi lójú ọ̀nà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni. Wọ́n ti ní kó máa gbé lórí òkè yẹn títí yóò fi sàn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìborùn, ìborùn ọ̀hún sì ń mì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí fún mi. "Ẹ tún orúkọ yẹn pè kí n gbọ́."

Mo tún un pè. Ó wí i tẹ̀ lé mi bí ọmọ ilé ìwé.

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà ọ̀dọ́ kan yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní òótọ́ ni, Pákínsìn ni. Mo ní ṣé ó mọ lẹfodópà. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, wọ́n kọ́ àwọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pẹ̀lú iye tí yóò máa lò. Inú wa dùn dé fámásì. Ẹni tó wà níbẹ̀ ò tilẹ̀ wo ìwé náà tán. Ó ní ó ti pẹ́ tí oògùn náà ti tán, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò dé, ká lọ wò ó níta. A wò ó níta, ní Òṣogbo, ní Iléṣà. Kò sí. Fítámì ló pọ̀.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí ìbínú mi ò rọ̀. Báwo ló ṣe máa rọ̀?

Ìròyìn ohun tí mo wí lórí òkè tàn. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìntì wá láti Old Garage, ọmọ rẹ̀ dì í mú. Mo mú òun náà lọ bá dókítà ọ̀dọ́ yẹn, ó kọ tirẹ̀. Màámi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ kan, mo gbójú sókè lẹ́nu iṣẹ́, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó wọ ọkọ̀ láti Iléṣà wá, ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́wọ́ mú, ìyá arúgbó tó ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Kò wò mí lójú.

"Ọ̀rẹ́ mi nìyí," ló wí. "Orúkọ àìsàn yẹn, wí i fún un."

Ọjọ́ kejì tí dókítà ti kọ tirẹ̀ fún un, mo lọ tẹ fóònù. Láti ọjọ́ tí Ṣọlá ti wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, kò sí ọ̀rọ̀ gidi láàárín wa, àfi ó dàbọ̀. Òun ló gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé inú ṣì ń bí yín sí mi?"

"Inú ń bí mi, Ṣọlá. Dókítà tó wà níbí ti kọ oògùn, oògùn ò sí. Fi ránṣẹ́, má sì dáwọ́ dúró."

"Màá fi ránṣẹ́. Tiyín á kúrò níbí lọ́sàn-án òní."

"Èmi nìkan kọ́ o. A ti di mẹ́rin."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọ̀hún, ti inú ẹyin yẹn, ẹ má rò pé..."

"Mi ò bá iṣẹ́ rẹ jà," ni mo wí. "Ṣe é lọ. Ní báyìí, mú bírò. Màá pe orúkọ wọn, ìwọ náà máa kọ ọ́."